Bí a ṣe ń kọ́ ọmọ kékeré láti lo póò, àti bí òbí ṣe lè béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ dókítà bí nǹkan kò bá lọ bó ṣe yẹ

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún òbí tí ọmọ rẹ̀ ti ń rìn, tí ó ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀, tí ó sì ti tó àkókò láti kọ́ ọ ní ibi tí ó yẹ kí ó máa tọ̀ sí, kí ó sì máa yàgbẹ́ sí. Ó tún wà fún òbí tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà, tí ọ̀rọ̀ wá dojú rú, tí ó ti gbé ọmọ dé ọ̀dọ̀ dókítà, tí ohun tí dókítà sọ kò sì bá ohun tí òun ń fi ojú ara rẹ̀ rí nílé mu. Iléṣà ni mo ń gbé, ibẹ̀ ni mo ti tọ́ ọmọ mẹ́ta, èyí àbíkẹ́yìn nínú wọn ni ó sì kọ́ mi ní èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí mo ń kọ síhìn-ín. Kí ẹ tó ra póò, ẹ kọ́kọ́ ra ìwé ìkọ̀wé kékeré kan, ẹ fi okùn so bíírò mọ́ ọn, kí ẹ sì fi í kọ́ ara ògiri níbi tí póò yóò máa wà. Ẹ ó rí ohun tí a ó fi ṣe níwájú.

Ẹ wo ọmọ, ẹ má wo ọjọ́ orí nìkan

Àwọn ìyá wa kì í dúró kí ọmọ tó rìn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ìyá a jókòó sílẹ̀, a na ẹsẹ̀ méjèèjì, a gbé ọmọ lé orí ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ìdí ọmọ lè bọ́ sí àárín, a sì máa pe "ṣìì, ṣìì" títí ọmọ yóò fi tọ̀. Mi ò rí ohun tí ó burú nínú èyí, níwọ̀n ìgbà tí a kò bá fi ipá mú ọmọ, nítorí ó ń jẹ́ kí ìyá mọ àkókò tí ìtọ̀ máa ń gbọ̀n ọmọ rẹ̀, ó sì ń dín nápíkìnì tí a ó fọ̀ kù. Ṣùgbọ́n ìyá ni ó mọ àkókò níbẹ̀, ọmọ kò tíì mọ̀ ọ́n. Kí ọmọ tó lè fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ìtọ̀ ń gbọ̀n òun, kí ó mú un mọ́ra fún ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀, kí ó sì rìn dé ibi tí póò wà, ó di dandan kí ara àti ọpọlọ rẹ̀ ti gbó tó bẹ́ẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ ọmọ, èyí máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í hàn láàrin oṣù 18 sí oṣù 30, àwọn mìíràn a sì pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ láìjẹ́ pé nǹkan kan ń ṣe wọ́n.

Ohun tí ẹ ó máa wò ni pé ṣé ìdí ọmọ máa ń gbẹ tó wákàtí méjì lójú mọmọ, ṣé ó lè fa pátá rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ṣé ó lè jẹ́ iṣẹ́ kékeré bíi "lọ mú bàtà rẹ wá", ṣé pámpásì tí ó ti tutù sì máa ń ni ín lára débi pé yóò fẹ́ bọ́ ọ dànù. Àmì tí èmi fẹ́ràn jù ni ti ọmọ tí ó máa ń dákẹ́ lójijì láàrin eré, tí yóò lọ lóṣòó sí kọ̀rọ̀ kí ó tó yàgbẹ́. Ọmọ bẹ́ẹ̀ ti mọ̀ pé ó ń bọ̀, ibi tí yóò gbé e sí ni kò tíì mọ̀. Bí ọmọ kò bá tíì ní àwọn àmì wọ̀nyí, tàbí bí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í sílẹ̀, tàbí bí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àbúrò rẹ̀, ẹ sún un síwájú. Ẹni tí ó bá sọ fún yín pé ọmọ tirẹ̀ ti bọ́ pámpásì láti ọmọ ọdún kan ààbọ̀, ẹ bá a yọ̀, kí ẹ má sì tìtorí rẹ̀ ni ọmọ tiyín lára.

Ibi tí ọmọ yóò jókòó sí

Póò onírọ́bà pẹlẹbẹ tí ẹ lè rà ní Ọjà Àtakúnmọ̀sà ti tó. Ohun kan tí kò gbọdọ̀ yẹ̀ ni pé kí àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ méjèèjì kan ilẹ̀ dáadáa bí ó bá jókòó, kí orúnkún rẹ̀ sì ga ju ìbàdí rẹ̀ lọ díẹ̀, nítorí bí àgbàlagbà ṣe máa ń lóṣòó ni ìgbẹ́ fi ń rọrùn láti jáde. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì dirodiro lórí àwo ilé ìgbẹ́ àgbàlagbà kò ní ohun tí yóò fi ẹsẹ̀ tì, ẹ̀rù pé òun yóò jìn sínú rẹ̀ kò sì ní jẹ́ kí ìdí rẹ̀ ṣí. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó lo ti àgbàlagbà, ẹ gbé àpótí onígi kékeré sí abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ṣálángá ni ẹ ní nínú ọgbà, ẹ má ṣe gbé ọmọ ọdún méjì dúró lé e lórí; ẹ jẹ́ kí ó lo póò, kí ẹ sì da ohun inú rẹ̀ sí ṣálángá.

Àwọn kan rò pé ìgbẹ́ ọmọdé kò lè pa ẹnikẹ́ni lára, wọ́n a sì dà á sí gọ́tà. Bí ti àgbàlagbà ṣe lè kó aràn àti ìgbẹ́ gbuuru ran ènìyàn ni tirẹ̀ náà lè ṣe é, nítorí náà ilé ìgbẹ́ ni kí ó lọ, kí a sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ ìyá àti ti ọmọ. Ọmọbìnrin gbọ́dọ̀ kọ́ láti kékeré pé iwájú ni a ti ń nùdí lọ sẹ́yìn, kí ìgbẹ́ má baà kan ojú ibi tí ìtọ̀ ń gbà jáde.

Ètò ojoojúmọ́

Ẹ yan ọ̀sẹ̀ tí ẹ ó wà nílé, bí àpẹẹrẹ ìgbà ìsinmi ilé ẹ̀kọ́. Ẹ bọ́ pámpásì ojú mọmọ, kí ẹ wọ pátá aláṣọ fún ọmọ, kí ó lè mọ ìtọ̀ lára nígbà tí ó bá jáde. Ẹ gbé e jókòó bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, lẹ́yìn oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, kí ó tó sùn lọ́sàn-án àti kí ó tó sùn lálẹ́. Àkókò tí ó tẹ̀lé oúnjẹ ni ó dára jù fún ìgbẹ́, nítorí bí oúnjẹ bá ti wọ inú, ìfun a máa ta kìjí láti ti èyí tí ó wà nílẹ̀ síwájú. Bí ó bá tó ìṣẹ́jú 15 sí 30 tí ó jẹ ògì àti àkàrà rẹ̀ tán, ẹ mú un lọ. Ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó, kò sì gbọdọ̀ ju mẹ́wàá lọ. Ẹ jókòó tì í, ẹ bá a sọ̀rọ̀, kí ẹ má sì fi fóònù sí i lọ́wọ́, torí fóònù kò ní jẹ́ kí ó gbọ́ ohun tí ara rẹ̀ ń sọ.

Kí gbogbo ilé lo ọ̀rọ̀ kan náà. Bí ìyá bá ń pè é ní ìtọ̀, tí bàbá ń pè é ní "wíwí", tí olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi sì tún ní tirẹ̀, ọmọ kò ní mọ èyí tí yóò ké sí i. Ẹ lọ bá olùkọ́ náà sọ̀rọ̀ fúnra yín, kí ẹ sì fojú rí ilé ìgbẹ́ tí wọ́n ń lò, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ń pa ìtọ̀ àti ìgbẹ́ mọ́ra láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ nítorí pé ibẹ̀ ń rùn tàbí pé wọn kì í tètè gbà kí ó jáde.

Bí ó bá ṣe é síbi tí ó yẹ, ẹ kì í ní oríkì rẹ̀. Kò nílò bisikíìtì. Bí ó bá sì tọ̀ sílẹ̀, ẹ sọ fún un láìjágbe pé, "Ìtọ̀ ti dà sílẹ̀ o. Inú póò ni ìtọ̀ ń lọ. Wá, ká jọ nù ún." Ẹ má ṣe nà án, ẹ má ṣe fi í ṣẹ̀sín lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni so ọ̀pọ̀lọ́ mọ́ ọn nídìí bí wọ́n ti máa ń ṣe fún àwọn tí ó ń tọ̀ sórí ẹní láyé àtijọ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, èyí tí a bá fagbára mú ní í le koko bí ojú ẹja. Nínú ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ ọmọdé, ìgbẹ́ gan-an ni ó máa ń le.

Bí ìgbẹ́ bá le

Orí kókó yìí ni mo fẹ́ kí a pẹ́ sí jù, nítorí òun ni ó wà nídìí ọ̀pọ̀ ohun tí a ń pè ní ọ̀lẹ, àìgbọràn tàbí jẹ̀díjẹ̀dí. Bí ọmọ bá yàgbẹ́ líle lẹ́ẹ̀kan tí ó dùn ún, yóò pinnu pé òun kò ní ṣe é mọ́. Yóò fún ìdí pọ̀. Ìgbẹ́ tí ó dúró sínú ìfun a máa gbẹ sí i, torí ìfun ń fa omi inú rẹ̀, a sì tún le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí ó bá pọ̀, yóò fẹ ìfun títí ọmọ kò fi ní mọ̀ ọ́n lára mọ́, èyí tí ó jẹ́ olómi yóò sì máa yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ èyí tí ó le, yóò máa ta sí pátá. Òbí tí ó rí i yóò pè é ní ìgbẹ́ gbuuru. Ìfun tí ó kún bẹ́ẹ̀ tún ń tẹ àpò ìtọ̀ tí ó wà níwájú rẹ̀, ọmọ tí kì í tọ̀ sára mọ́ yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sára.

Ọmọ mi obìnrin ti bọ́ pámpásì fún oṣù márùn-ún nígbà tí ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sára, tí pátá rẹ̀ sì máa ń ní àbàwọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́ta àti oṣù díẹ̀ ni. Mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan. Wọn kò gbà ìtọ̀ rẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò, wọn kò fọwọ́ kan ikùn rẹ̀, wọ́n kọ oògùn apakòkòrò àti oògùn tí ń dá ìgbẹ́ gbuuru dúró. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, a tún padà, wọ́n tún kọ ọ́. Mo béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé a kò ní yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò ni?" Èsì tí mo gbà ni pé ṣé èmi ni dókítà ni. Mo dákẹ́, mo san owó, mo lọ sílé, ojú sì tì mí pé mo béèrè.

Ọjọ́ kejì ni mo rí i lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Ó dúró lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀ méjèèjì, ó fi itan kọ́ itan, ó di ẹnu àpò gààrì mú gírígírí, òógùn sì ń bọ́ ní imú rẹ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ rò ni pé ó ń gbìyànjú láti yàgbẹ́. Bí mo ṣe dúró wò ó pẹ́ ni mo tó mọ̀ pé ó ń gbìyànjú kí ó má baà yàgbẹ́ ni.

Ohun tí ẹ lè ṣe nílé nìyí. Ẹ fún ọmọ ní omi déédéé jálẹ̀ ọjọ́, ẹ jẹ́ kí ó máa jẹ ìbẹ́pẹ, ọsàn pẹ̀lú awọ inú rẹ̀, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, kí mílíìkì àti bisikíìtì má sì gba àyè oúnjẹ. Ẹ má ṣe ti ọṣẹ bọ̀ ọ́ nídìí, ẹ má ṣe fún un ní àgbo jẹ̀dí tí a kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Bí ó bá ń dùn ún, ẹ dáwọ́ ẹ̀kọ́ póò dúró, kí ẹ dá pámpásì padà fún un bí ó bá fẹ́ ẹ. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ìgbẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rọ̀ kí ẹ̀kọ́ tó lè tẹ̀síwájú. Bí oúnjẹ àti omi kò bá tú u, dókítà ní oògùn tí ń mú ìgbẹ́ rọ̀, bíi lactulose, èyí tí wọ́n ń fi ìwọ̀n ọmọ díwọ̀n.

Ìwé ara ògiri

Mo mú ìwé náà, mo sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ 11: ìgbà tí ó mu omi, ìgbà tí ó tọ̀, ìgbà tí ó tọ̀ sára, ọjọ́ tí ó yàgbẹ́, bóyá ó le bí èkùrọ́, bóyá ó rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó pọ́n, bóyá ó ṣàn bí omi, bóyá ó sunkún. Nígbà tí mo kà á, mo rí i pé láàrin ọjọ́ 11 náà, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ó yàgbẹ́ gidi, méjèèjì sì ní ìlà ẹ̀jẹ̀ pupa lára. Gbogbo èyí tí a ń pè ní ìgbẹ́ gbuuru jẹ́ àbàwọ́n lásán.

Kì í ṣe nǹkan àjèjì ní ìlú wa pé kí ìyá ní àkọsílẹ̀ lọ́wọ́. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, dókítà kan tí ń jẹ́ David Morley, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Wesley Guild Hospital ní Iléṣà níbí, ṣe káàdì tí a ń fi tọpa bí ọmọdé ṣe ń dàgbà, ó sì gbé e lé ìyá lọ́wọ́ kí ó máa mú un lọ sílé, dípò kí ilé ìwòsàn tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Iṣẹ́ tí ó ṣe ní Ìmẹ̀sí-Ilé àti ní Iléṣà ni irú káàdì bẹ́ẹ̀ ti tàn dé orílẹ̀-èdè púpọ̀. Ó gbà pé ìyá tí ó wà lọ́dọ̀ ọmọ lójoojúmọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tí ń tọ́jú rẹ̀. Dókítà lè ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún ọmọ yín. Ẹ̀yin ní gbogbo ọjọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ kọ sílẹ̀ ni yóò jẹ́ kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà wúlò.

Níwájú dókítà

Ẹ̀tọ́ ni ìbéèrè jẹ́, kì í ṣe àfojúdi. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 2014 sọ pé oníṣẹ́ ìlera gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹni tí ó wá gba ìtọ́jú mọ bí ìlera rẹ̀ ṣe rí, àwọn àyẹ̀wò àti ìtọ́jú tí ó wà, àǹfààní wọn, ewu wọn, iye tí wọn yóò ná an, àti pé ó ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀. Ó tún ní kí wọ́n sọ ọ́ ní èdè tí ó yé e níbi tí ó bá ti ṣeé ṣe. Nítorí náà, bí òyìnbó inú ọ̀rọ̀ bá ti pọ̀ jù, ẹ sọ pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi sọ ọ́ ní Yorùbá."

Ẹ kọ ìbéèrè yín sílẹ̀ láti ilé, kí ẹ má kọ ju mẹ́rin lọ. Ẹ kọ́kọ́ gbé ìwé yín kalẹ̀, kí ẹ sọ ohun tí ẹ rí, láìtíì sọ ohun tí ẹ rò pé ó jẹ́. Lẹ́yìn náà kí ẹ béèrè pé kí ni dókítà rò pé ó ń ṣe ọmọ, kí ni ó sì rí tí ó fi rò bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ní kòkòrò ni ó wà nínú ìtọ̀, ẹ béèrè bóyá a lè gba ìtọ̀ kí ọmọ tó lo oògùn apakòkòrò, nítorí bí oògùn bá ti wọlé, èsì àyẹ̀wò lè má fi òótọ́ hàn mọ́. Àyẹ̀wò ojú ẹsẹ̀ wà, èyí tí wọ́n ń gbìn láti mọ irú kòkòrò náà sì máa ń gba bí ọjọ́ méjì. Bí ó bá kọ oògùn, ẹ béèrè orúkọ rẹ̀, ọjọ́ tí yóò lò ó, ohun tí ó yẹ kí ẹ rí bí ó bá ń ṣiṣẹ́, àti ìgbà tí ẹ ó padà bí ẹ kò bá rí i. Ẹ wá fi ẹnu ara yín tún un sọ fún un kí ẹ tó dìde. Bí ara yín kò bá balẹ̀ síbẹ̀, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè ìwé tí ẹ ó fi rí dókítà àwọn ọmọdé.

Bí mo ṣe ṣe é nìyẹn ní ilé ìwòsàn kejì. Dókítà obìnrin tí ó dá wa lóhùn ka ìwé mi láti ojú ewé kìíní dé ìkẹyìn, ó sì ní, "Màmá, ẹ ṣeun tí ẹ kọ èyí." Ó tẹ ikùn ọmọ, ó sì mú ọwọ́ mi kí èmi náà fọwọ́ kàn án. Ó le bí ẹyin ní ìsàlẹ̀ lápá òsì. Ó yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, kòkòrò kankan kò sí níbẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni ìbéèrè ń gbà ṣiṣẹ́ o. Mo béèrè lọ́wọ́ dókítà náà bóyá oògùn tí ń mú ìgbẹ́ rọ̀ kò ní mọ́ ọmọ lára tí ìfun rẹ̀ yóò fi di ọ̀lẹ, torí ohun tí wọ́n sọ fún mi ládùúgbò nìyẹn. Ó ṣàlàyé pé irú èyí ń fa omi sínú ìgbẹ́ ni, kì í na ìfun ní pàṣán, àti pé kíkọ̀ láti lò ó pẹ́ tó ni ó ń mú àìsàn náà padà. Mo gbà. Ẹni tí ó bá béèrè gbọ́dọ̀ ṣe tán láti gbọ́ pé òun ni ó ṣì í.

Ti òru, àti ohun tí kò gbọdọ̀ di ọjọ́ kejì

Òru yàtọ̀ sí ọ̀sán. Nínú ọmọ ọdún márùn-ún 100, bí 15 ni ó ṣì ń tọ̀ sórí ẹní, ó sì máa ń wà nínú ẹbí. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kọ oògùn fún ọmọ ọdún mẹ́ta nítorí pé ó ń tọ̀ lóru nìkan, ẹ lè béèrè bóyá a lè dúró. Ẹ tẹ́ rọ́bà sábẹ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe kọ nǹkan sínú ìwé, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an, bí ọmọ tí kì í tọ̀ sára mọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ lemọ́lemọ́, tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ ṣáá, tí ó sì ń rù, torí ó lè jẹ́ ìtọ̀ súgà. Bí ibà bá bá ìrora ìtọ̀ tàbí èébì rìn. Bí ojú rẹ̀ bá wú ní àárọ̀ tí ìtọ̀ rẹ̀ sì dínkù. Bí kò bá tọ̀ rárá fún wákàtí 12. Bí ikùn rẹ̀ bá wú tí ó ń bì. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń rọ. Ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ náà kò gba kí a dúró, pàápàá ọmọ tí ó máa ń wẹ̀ lódò, nítorí àtọ̀sí ajá, àìsàn tí aràn inú omi odò ń fà. Ọmọkùnrin jòjòló tí ìtọ̀ rẹ̀ kì í ta jáde, tí ó kàn ń kán tótó, gbọ́dọ̀ rí dókítà láìpẹ́.

Lẹ́yìn oògùn

Bí ìgbẹ́ bá ti rọ̀, ẹ má ṣe yára dá oògùn dúró. Dókítà ni yóò sọ bí ẹ ó ṣe máa dín in kù, ó sì lè gba oṣù púpọ̀, nítorí ìfun tí ó ti fẹ̀ nílò àkókò láti sún kì. Oṣù méje ni tiwa gbà. Ẹ dá ètò ìjókòó lẹ́yìn oúnjẹ padà láti ìbẹ̀rẹ̀ bí ẹni pé ọmọ kò mọ póò rí, kí ẹ sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dín oògùn náà kù jù, tí ìwé sì fi hàn mí ní ọjọ́ kẹta pé ó tún ti ń lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí pátá tó bẹ̀rẹ̀ sí í ní àbàwọ́n. Mo tẹ dókítà náà láago, ó ní kí n dá a padà sí iye ti tẹ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí i, mo sì kọ iye náà àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ewé.